Ọwọ́ Mi Ló Wà Lára Okùn Ìdákọ̀ró

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Àbújá lẹ ní kí n kọ ọ́. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ iṣẹ́ tí àwọn àgbà ṣe, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ ó yàn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Atukọ̀ ni mí, Karu ni mo sì ń gbé. Láti ẹnu ọ̀nà mi, ọkọ̀ tí mò ń rí ni tírélà tó ń lọ sí Keffi, omi tí mò ń rí ni èyí tí mai ruwa tó ń ta omi ń fi ọmọlanke tì wá. Ta ló fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ omi níbí? Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí tí kò jẹ́ kí oorun mi dán mọ́rán mọ́, mo sì rí i pé bí n kò bá kọ ọ́, àyà mi kò ní balẹ̀. Nítorí náà, ẹ jókòó, ẹ fi fóònù yín sílẹ̀ díẹ̀.

Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí ilé ti dúró lórí òpó nínú omi, tí ọmọdé sì ti ń mọ àjẹ̀ lò kó tó mọ a-b-d. Bàbá mi tètè kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olóyè, ló tọ́ mi, òun náà ló sì mú mi lọ bá Ọ̀gá Orímisàn kí n lọ kọ́ṣẹ́. Ohun tí wọ́n jọ sọ àti ohun tó san, ẹ má bi mí, n kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọjọ́ kejì, mo ti ń gbọ́n omi inú ọkọ̀.

Ọkọ̀ onígbòkun ni, onípákó, ó gùn, ó sì wúwo. Ẹja gbígbẹ, ẹní àti pákó la máa ń kó sínú rẹ̀, tí a ó gbé èrò díẹ̀, tí a ó sì gba etí òkun lọ sí Èkó. Ọmọṣẹ́ méjì la jẹ́, èmi àti Bánjí. Bánjí fi ọdún kan jù mí lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ìyá rẹ̀ ni, alápàárá ni, ó sì lè fi ìrọ̀rùn jẹ oúnjẹ tirẹ̀ tán kó tún bá mi jẹ tèmi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni.

Ní ọdún kìíní, a kò fọwọ́ kan ìgbòkun rárá. Okùn ìdákọ̀ró nìkan ni iṣẹ́ wa. A ó fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, a ó sá a, lẹ́yìn náà ọ̀gá á fi aṣọ di ojú wa, a ó sì máa fi ọwọ́ yẹ okùn náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun á ti fi ọ̀bẹ gé fọ́nrán kan níbì kan. Ẹni tí kò bá rí i kò ní jẹun alẹ́. Bánjí máa ń rí i. Èmi, ebi pa mí dáadáa lọ́dún yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọ̀gá yín ní ọ́fíìsì le nítorí pé ó ní kí ẹ dé ní aago mẹ́jọ, ẹ kú ìgbádùn o.

Ohun tí àwọn èèyàn kò mọ̀ nípa iṣẹ́ wa ni pé dídúró pọ̀ nínú rẹ̀ ju rírìn lọ. Bí ẹ̀fúùfù bá le, a ó sá wọ ẹnu odò kan, a ó fara pamọ́ sẹ́yìn iyanrìn tó yọ jáde níbẹ̀, a ó ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, a ó sì dúró. Ó lè jẹ́ wákàtí mẹ́ta, ó lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá máa ń sọ pé a kì í fi ìwàǹwára lá ọbẹ̀ tó gbóná. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ lé okùn. Bí ìdákọ̀ró bá di ilẹ̀ mú, okùn á fà, á sì dẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìmí ẹni tó ń sùn. Bí ó bá ń wọ́ lórí iyanrìn, okùn á máa gbọ̀n gìrìgìrì títí dé ìgúnpá. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó mú igi méjì lórí ilẹ̀ tí ọ̀kan wà lẹ́yìn èkejì. Bí wọ́n bá ti ń yà kúrò lẹ́yìn ara wọn, ọkọ̀ ń sún nìyẹn. Àmọ́ ọwọ́ ni ọ̀gá gbẹ́kẹ̀ lé. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Ọ̀gá ní òfin kan tí n kò rí nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Bí ìdákọ̀ró bá ti wà nílẹ̀, ẹni tó di okùn mú ni àgbà ọkọ̀. Ì báà jẹ́ ọba ló wọkọ̀, ì báà jẹ́ Ọ̀gá Orímisàn fúnra rẹ̀, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára okùn ni à ń bi bóyá ká lọ tàbí ká dúró. Bó bá ní ká dúró, ó parí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀gá nà mí láyé, ọjọ́ náà sì ni ọjọ́ tí mo sùn lọ tí ọwọ́ mi fi kúrò lára okùn. Ó ní, "Gbogbo wa ló sùn lé ọ lọ́wọ́, ìwọ náà wá ń sùn."

Ọdún karùn-ún mi ni Olóyè fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe ìgbéyàwó l'Ékòó, ó sì fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́. Àsìkò òjò ni. Ẹ̀fúùfù mú wa lójú ọ̀nà, a sì sá wọ ẹnu odò kan. Ọjọ́ méjì la fi wà níbẹ̀. Gààrì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn èrò ń bì. Ẹ̀fúùfù ń súfèé nínú okùn ìgbòkun tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ láìpariwo. Àyà gbogbo wa ń já, àfi Bánjí, ẹni tó ní bí a bá pẹ́ sí i, ìyàwó á ti bímọ ká tó débẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ara Olóyè kò gbà á mọ́. Ó dìde dúró.

"Orímisàn, ṣé atẹ́gùn lásán ló máa ní kí n má fa ọmọ mi fún ọkọ?"

Ọ̀gá ní, "Olóyè, kì í ṣe èmi o. Ẹ bi ẹni tó di okùn mú."

Èmi ni mo dì í mú. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Olóyè wò mí, ẹni tó fún mi lóúnjẹ láti kékeré, ẹni tí mò ń dọ̀bálẹ̀ fún láràárọ̀. Ó rọ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ó ti rọlẹ̀, àbí?"

Okùn ń gbọ̀n títí dé ìgúnpá mi, ẹ̀fúùfù kò tíì rọlẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu àgbà lobì í gbó sí, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, n kò sì tíì sọ "rárá" fún ọkùnrin yẹn rí láyé mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ó ti rọlẹ̀."

Ọ̀gá bojú wò mí. Ó ní, "Ó dá ọ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Ó ní ká fa ìdákọ̀ró sókè.

Ìgbì kẹta ní ẹnu odò ló dojú ọkọ̀ dé. Olóyè rí pákó dì mú, èmi náà rí, ọ̀gá àti àwọn èrò náà sì yọ. Bánjí, tó mọ omi wẹ̀ ju gbogbo wa lọ, bọ́ sábẹ́ ìgbòkun, aṣọ náà sì bò ó. Wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ọjọ́ kejì la rí i létí iyanrìn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni.

Ọ̀gá Orímisàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá Bánjí. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ìlú ní ojú ọ̀gá ti ń fọ́, pé kò rí ìgbì mọ́, pé ó yẹ kó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó wo ọwọ́ mi, ó sì gbójú kúrò. Ó ta ìgbòkun àti ìdákọ̀ró rẹ̀, kò sì wọ òkun mọ́ títí ó fi kú. N kò sọ ohunkóhun.

Iṣẹ́ kúkú ń lọ. Mo lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn. Láìpẹ́ ẹ́ńjìnnì dé, ìgbòkun di aṣọ tí a fi ń bo ẹrù. Ẹ́ńjìnnì dára, ṣùgbọ́n ó sọ gbogbo èèyàn di oníkánjú, ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì kì í fẹ́ dúró de atẹ́gùn. Nígbà tó yá, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan gbà mí pé kí n máa wa ọkọ̀ fún àwọn tó ń wọn jíjìn omi. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òjé tí a so mọ́ okùn, a parí pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń dún "tín-ín, tín-ín" tó sì ń kọ nọ́ńbà. Mo fi ọdún púpọ̀ ṣe é, ọkọ̀ tí mo wà kò sì rì mọ́. Wọ́n ń pè mí ní "Captain Sùúrù." Wọn kò mọ ohun tó sọ mí di onísùúrù.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ọ́fíìsì wa wá sí Àbújá, òun àti fáìlì àti èmi. Atukọ̀ wá di ẹni tó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì. Karu la ti tọ́ ọmọ wa kan ṣoṣo, Mofẹ́, dàgbà. Bíi ti gbogbo yín náà ni, ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ rẹ̀ pé. Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, Mofẹ́ kì í la ẹnu. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń yìn ín, inú èmi náà sì ń dùn, mo ń yan.

Ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì báyìí. Lọ́dún yìí, nígbà tí ìjọba fún wọn ní họlidé, òun àti àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ lọ sí Èkó, wọ́n háyà ọkọ̀ onígbòkun ti ìgbàlódé, wọ́n ní àwọn ń gba etí òkun lọ ṣe fàájì. Wọ́n ń fi owó wá ohun tí àwa ń sá fún. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n gbádùn.

Ọjọ́ Ajé, bí aago mẹ́wàá àárọ̀, fóònù mi dún.

"Daddy, ẹ káàárọ̀ sir. Ẹ má sọ fún Mummy o." Mo ń gbọ́ atẹ́gùn lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Mo mọ ìró yẹn. Ó ní ẹ̀fúùfù ti dé, captain wọn ti sá wọ ẹnu odò kan, wọ́n ti ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ láti àná. Ọ̀gá wọn ní báńkì, Ọ̀gbẹ́ni Ládìípọ̀, wà nínú ọkọ̀, ó sì ní bàálù tó fẹ́ wọ̀ padà sí Àbújá. Captain náà kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, Káyọ̀dé ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀gá náà gba fóònù. "Bàbá, ẹ kú ilé o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ omi. It's just small breeze. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yìí kí a máa lọ." Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì lọ́wọ̀. Ìdí mi kò gba àga mọ́.

Mo ní kó fún ọmọ mi ní fóònù. Mo ní, "Mofẹ́, lọ sí iwájú ọkọ̀, kí o fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ lé okùn ìdákọ̀ró. Kí lo gbọ́?"

"Ó ń gbọ̀n, Daddy. Bíi fóònù tó wà ní vibration."

"Wo ilẹ̀. Mú ohun méjì tó wà lẹ́yìn ara wọn."

"Igi àgbọn kan àti òpó nẹ́tíwọ̀kì." Ó tún ń wò wọ́n. "Daddy, òpó yẹn ń jáde lẹ́yìn igi. It's moving."

"Òpó kò rìn. Ẹ̀yin lẹ ń sún. Ní kí captain tú okùn sílẹ̀ sí i, kó tó ìlọ́po méjì."

Mo gbọ́ ariwo, mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré. Nígbà tó yá, ó ní okùn ti ń fà, ó sì ń dẹ̀. Mo mí. Ṣùgbọ́n kò tíì tán. Mo ní kó wo ẹnu odò. Ó ní funfun ni gbogbo rẹ̀, láti eteetí dé eteetí. Ìyẹn ni pé ìgbì ń fọ́ níbi gbogbo, kò sí ọ̀nà.

"Ẹ má jáde o. Kí ni captain wí?"

"Daddy, ó ń sọ fún ọ̀gá pé 'okay sir, okay sir.' They want to pull it up."

"Ìwọ ńkọ́?"

Ó ní, "Àgbà ni wọ́n, Daddy. And he's my boss."

Mo gbọ́ ohùn ara mi nínú ohùn rẹ̀, ti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ẹ̀rù tó bà mí kò ní orúkọ. Mo ní kó fi fóònù sórí speaker. Ìyàwó mi ti jáde láti kíṣìnì, àwo ẹ̀wà tó ń ṣà wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò dúró.

Mo ní, "Ẹ gbọ́, gbogbo yín. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, wọ́n bi mí nínú irú atẹ́gùn yìí bóyá ká lọ. Ọwọ́ mi ló wà lára okùn. Mo mọ̀ pé kò yẹ ká lọ. Àgbà ló bi mí, mo sì parọ́ nítorí àtibọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀rẹ́ mi kú. Bánjí ni orúkọ rẹ̀." Ẹnu mi kò tíì pe orúkọ yẹn nínú ilé yìí rí. "Mofẹ́, ọwọ́ ta ló wà lára okùn?"

"Ọwọ́ mi, sir."

"Ìwọ ni àgbà ọkọ̀ yẹn. Sọ̀rọ̀."

Fóònù gé. Mo pè, kò wọlé. Mo pè títí.

Ìyàwó mi gbé àwo ẹ̀wà kalẹ̀. Mo rò pé yóò pariwo nípa ọmọ. Ó ní, "Ọdún márùndínlógójì la ti jọ ń sùn. Ẹ ò sì sọ fún mi." Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá, mo ń gbọ́ ọ tó ń gbàdúrà.

Láti aago mọ́kànlá títí di ìrọ̀lẹ́, n kò lè jókòó. Ewé kan kò mì ní Karu. Oòrùn mú ganrínganrín, ẹ wo ibi tí mo ti ń bẹ̀rù ẹ̀fúùfù. Mai ruwa kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Sànnu, Baba. Ruwa?" Mo ra gbogbo omi tó wà lórí ọmọlanke rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo kẹ́ẹ̀gì wa ló kún. Ó wojú mi, ó bi mí bóyá àlàáfíà ni, "Kai, Baba, lafiya?" Nígbà tí mo mọ ibi tí mo wà, mo ti wà lẹ́yìnkùlé, mo fi ọwọ́ méjèèjì di okùn ìsáṣọ mú, mo ń dúró kó gbọ̀n.

Àwọn Mùsùlùmí ń kírun alásárì lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. "Daddy, ẹ̀fúùfù ti rọlẹ̀. A ti jáde, a ti gúnlẹ̀. Everybody is fine." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló sọ. Ó ní, "Mo ní, 'No sir. A ò lọ.' Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀gá wa bínú gan-an. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́." Bí Captain Káyọ̀dé ṣe gbọ́ ọ, ó jókòó, ó ní òun náà kò lọ.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Mofẹ́ wá kí wa. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ kò dìde.

Ó ní, "Daddy, there's something. Kí n tó pè yín lọ́jọ́ yẹn, mo ti jókòó ti okùn yẹn fún bíi wákàtí kan. Mo ti fọwọ́ kàn án. Ó ti ń gbọ̀n. I didn't know what it meant, but mo mọ̀ pé kò dáa."

Ara mi gbóná. Mo pariwo mọ́ ọn pé, "Wákàtí kan! Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

Ó gbójú sókè wò mí. "Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀, Daddy. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Mo dìde lórí àga mi, mo fà á dìde, mo sì bẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi bàbá bẹ ọmọ mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tó bá wù yín ni kí ẹ ṣe. Kí ẹ ṣáà kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀gá náà lè gbọ́ "rárá" lẹ́nu yín láìbínú, nítorí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí yín nìkan ni mo ṣe kọ èyí. Àwọn ọmọ-ọmọ Ọ̀gá Orímisàn wà nínú ẹgbẹ́ wa, mo ti jókòó tì wọ́n ní ìpàdé, mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn fi bàbá wọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ pé atukọ̀ tó fọ́jú, mo sì dákẹ́. Ẹ bá mi kà á sí etí wọn, kí gbogbo ìlú gbọ́. Ojú ọ̀gá mi kò fọ́. Ó gbà mí gbọ́ ni.